Wáyà ayédèrú ló ń pa Wi-Fi yín, kì í ṣe access point

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe jẹun ní Kubwa níbí. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti ń fa wáyà sínú sílìn ilé àlejò, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Àbújá títí dé Suleja. Owó àwọn èèyàn wa tó ń ṣòfò lójú mi ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Nínú oṣù Kẹta, ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ní ilé àlejò alájà mẹ́ta ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ àwọn nǹkan funfun tó wà ní àjà òkè yìí. Tó bá ti di aago 8 alẹ́, àwọn àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé mi lórí. Àbí wọ́n ń ṣe mí ni?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Ẹnikẹ́ni ò ṣe yín."

Access point ni nǹkan funfun tí wọ́n ń wí, ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi káàkiri ilé. Wọn kì í so ó mọ́ iná NEPA. Inú wáyà kan náà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé ni iná rẹ̀ ti ń wá, láti ara switch tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn àpótí oníhò púpọ̀ tí gbogbo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ń pàdé sí. PoE ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Nínú ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 2003, wáàtì 15.4 ni switch ń tú sínú wáyà, wáàtì 12.95 ló sì dájú pé ó máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Nínú ti 2009, 30 ló ń jáde, 25.5 ló ń dé òkè. Àwọn tó ṣe ìlànà yìí ti mọ̀ pé wáyà máa gba owó bodè lọ́nà. Ṣùgbọ́n wáyà bàbà ni wọ́n fi ṣírò, èyí tí kò gùn ju mítà 100 lọ.

Switch ni mo kọ́kọ́ wò. Oníhò 24 ni, àpapọ̀ iná tó lè pín sì jẹ́ wáàtì 195. Tí ohun tí wọ́n so mọ́ ọn bá ń bèèrè ju ìyẹn lọ, yóò já àwọn kan sílẹ̀. Àmọ́ access point 11 péré ló wà lára rẹ̀, gbogbo wọn ò sì jẹ ju wáàtì 96 lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Switch ò jẹ̀bi. Mo tú èyí tó ń kú jù ní àjà òkè, mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo fi wáyà mítà 2 so ó. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé èyí tó ń ṣe dáadáa nísàlẹ̀ lọ sórí wáyà òkè yẹn. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò ti ibi iṣẹ́ dé tó kú, ó jí, ó tún kú. Ìyá náà dúró tì mí, wọ́n tẹjú mọ́ iná róbótó ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣẹ́jú.

Mo gun sílìn lọ. Ẹni tó bá ti wọ sílìn rí ní Àbújá nínú oṣù Kẹta, tí oòrùn ti na páànù láti àárọ̀, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo gé orí wáyà náà, mo bó o, mo fi ẹnu ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú okùn tín-ín-rín mẹ́jọ inú rẹ̀. Ó pọ́n bíi bàbà lójú. Bí ọ̀bẹ ṣe kàn án lẹ́ẹ̀kejì, funfun ló yọ lábẹ́, ó ń dán bí ìdí ìkòkò alumíníọ̀mù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kànrìnkàn onírin fọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ síwá, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò pẹ́ tó fi dá.

CCA lorúkọ rẹ̀: alumíníọ̀mù ni, bàbà díẹ̀ ni wọ́n fi bò ó lára. Tó bá nípọn bákan náà pẹ̀lú wáyà bàbà, ìdínà tó ń ṣe fún iná tó bí ìlọ́po 1.5 ti bàbà, ooru sílìn á sì tún dá kún un. Lọ́sàn-án, tí èèyàn díẹ̀ ń lo Wi-Fi, access point ò jẹ iná púpọ̀, èyí tó ń dé òkè á tó o. Lálẹ́, tí gbogbo yàrá bá ń wo fíìmù lórí fóònù, á fẹ́ iná sí i. Bó sì ṣe ń fà á ni wáyà náà ń jẹ ẹ́ sí i lójú ọ̀nà. Nínú ìlànà 2009, fóltì tó máa dé òkè kò gbọdọ̀ kéré sí 42.5. Tó bá ti wálẹ̀ jù, ẹ̀rọ á kú, á tún tan, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó jìnnà sí switch jù lọ nìkan ló ń yọ ìyá yìí lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ojúlówó switch PoE kì í dédé tú iná sínú wáyà. Ó máa ń fi fóltì kékeré tí kò ju 10 lọ bèèrè ná, bí onílé tó ń béèrè "Ta nìyẹn?" kó tó ṣílẹ̀kùn. Tí ẹ̀rọ bá dáhùn bó ṣe yẹ ló tó fi nǹkan bíi fóltì 50 ránṣẹ́. Àmọ́ àwọn injector fóltì 24 olówó pọ́ọ́kú kan wà, àpótí kékeré tó ń ti iná sínú wáyà, tí kì í bèèrè ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe wọ́n fún. Mo ti rí kámẹ́rà tó jóná bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni ti páálí wáyà náà, tí díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. "Cat6", orúkọ ìpele wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ alumíníọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ TIA-568, ìlànà wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Cat6 ti wá, bàbà ló ní kí wọ́n fi ṣe é. Ìyá yìí sanwó, wọ́n sì gba rìsíìtì. Access point 8 tí wọ́n tú kúrò ní àjà òkè wà nínú yàrá ẹrù wọn. Mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn.

Mo bẹ àwọn SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n máa tú páálí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, kí wọ́n sì rí i pé ohun tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ fọwọ́ ara yín gbé páálí náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Alumíníọ̀mù fúyẹ́ gan-an, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n bàbà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gé díẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha á lójú rẹ̀. Tó bá ń bínú, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí oníbàárà bá ra CCA fún yín láìmọ̀, ẹ má fà á. Ẹ sọ fún un.

Wáyà bàbà ni mo fi rọ́pò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lọ sí àjà òkè, wọn ò sì tíì pè mí lálẹ́ láti ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà ní kí n máa kó àwọn 8 inú yàrá ẹrù lọ. Mo ní rárá o, kí wọ́n fi wọ́n sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Lugbe. Mo ti ń fa wáyà ibẹ̀, mo sì ń ha orí wáyà páálí kọ̀ọ̀kan wò kí n tó gbé e gun àkàbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan,
Kubwa, Àbújá.