Ẹnìkeje Ni A Ṣì Ń Wá

Gdańsk, Pólándì
Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kìíní

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ìyá ńkọ́, orúnkún wọn ńkọ́? Òtútù ibí ti wọnú egungun mi, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nínú bọ́ọ̀sì níbi tí o ti ń sọ bí ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù yín ṣe dàrú, tí bàbá kan sì gbé àga rẹ̀ lọ sílé nítorí owó ọdẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ ni kò kúrò lọ́kàn mi. O ní, níbi tí Kọ́múníìsì ti jọba fún ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ ìjọba ló ń ṣe ohun gbogbo, ta ló wá kọ́ àwọn ènìyàn ní bí a ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bí o ti rò lọ. Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà nílùú yìí fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílé ẹjọ́. Òfin wọn ní kí ènìyàn 7 jọ dá a sílẹ̀. Àwa 6 ti fọwọ́ síwèé. Ẹnìkeje ní òun ń bọ̀, ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tó ti ń bọ̀. Kí ó tó di ọdún 2016, ènìyàn 15 ni wọ́n ń béèrè. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà ni, ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Má rò pé kò sí ẹgbẹ́ láyé Kọ́múníìsì o. Ẹgbẹ́ pọ̀ lọ jàra: ti òṣìṣẹ́, ti ọ̀dọ́, ti obìnrin. Ìjọba ló kàn ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń san owó oṣù rẹ náà ló ń yan ẹni tí yóò bá ọ jà fún àfikún owó oṣù, ìwọ wo irú ìjà tí ìyẹn máa jà. Àwọn àjọ aláàánú tó ní dúkìá tiwọn, ìjọba tú wọn ká lọ́dún 1952, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní wọn. Ọdún 1984 ni òfin tó tún gbà wọ́n láyè.

Lọ́sàn-án òní mo gba iwájú Géètì Kejì kọjá, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, èyí tí wọ́n fi orúkọ Lenin, olórí Kọ́múníìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pè nígbà náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o bá mi dúró sí díẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọ́n lé obìnrin kan tó ń wa kíréènì níbẹ̀, Anna Walentynowicz, lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù márùn-ún péré ló kù kí ó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń bá àwọn kan dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀: kí wọ́n dá obìnrin náà padà, kí wọ́n sì fi owó kún owó, nítorí ẹran ti wọ́n gógó. Lech Wałęsa, oníṣẹ́ iná tí wọ́n ti lé tẹ́lẹ̀ rí, fo ògiri wọlé, ó di olórí wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti gbà: Anna yóò padà, owó yóò lé. Wałęsa kéde pé ó ti parí. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sílé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti gbè wọ́n lẹ́yìn kò tíì rí nǹkan kan gbà. Obìnrin awatíráàmù kan wà láàárín wọn, Henryka Krzywonos, ẹni tó dá tíráàmù rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ìgboro, dúró láàárín ìlú lọ́jọ́ kejì. Ó pariwo pé bí ẹ bá fi wá sílẹ̀ báyìí, a ti gbé, bọ́ọ̀sì kò lè bá ọkọ̀ ogun jà. Alina Pienkowska, nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ náà, àti Anna fúnra rẹ̀ sáré lọ sẹ́nu géètì, wọ́n ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má lọ. Ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ dúró. Anna ti gba iṣẹ́ rẹ̀ padà o, Bísí! Ó lè rọra gba ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn tó dúró yẹn ni wọ́n di ìgbìmọ̀ kan tó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé iṣẹ́ agbègbè náà. Wọ́n kọ ohun 21 tí wọ́n ń fẹ́ sára pákó pẹlẹbẹ méjì, wọ́n sì gbé e kọ́ sára géètì. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó dá dúró. Ọ̀rọ̀ ẹran wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ fún àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ìsinmi ọjọ́ Sátidé ló kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 31, ìjọba fọwọ́ síwèé. Orúkọ tí ẹgbẹ́ náà jẹ́, Solidarność, kò ju kí á fara ti ara wa lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ ẹgbẹ́ ti tó bíi mílíọ̀nù 10.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ọ pé o gbé ìbéèrè rẹ kọjú sẹ́yìn. Kì í ṣe pé Kọ́múníìsì lọ tán kí ẹgbẹ́ tó dé. Ẹgbẹ́ ló ti í lọ. Ìjọba kéde òfin ológun lé wọn lórí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1981, wọ́n kó olórí wọn sí àtìmọ́lé, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ sá wọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún 1989, ìjọba fúnra rẹ̀ pè wọ́n sí ìjíròrò. Ìjíròrò parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, òfin ẹgbẹ́ tuntun sì jáde ní ọjọ́ 7, òun náà ni wọ́n tún ṣe lọ́dún 2016 tó di ènìyàn 7. Nínú ìbò oṣù Kẹfà, wọ́n gba àga 99 nínú 100 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà.

Ohun tí n kò gbọ́ kí n tó dé ibí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn tó mọ bí a ti ń darí ìpàdé di mínísítà. Wałęsa di ààrẹ. Ọjà di ti ẹni tó lówó, ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé, àní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yìí gan-an wọ gbèsè wó lulẹ̀ lọ́dún 1996. Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, wẹ́dà ni níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Mo sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wa fún un, ó ní òun ti ṣe ẹgbẹ́ kan rí, àwọn jagun, àwọn ṣẹ́gun, wọ́n sì dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo fún un ní púfúpúfú, ó jẹ ẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké ló mú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sọjí. Òní gan-an, àwọn ọmọdé kún ìgboro, wọ́n gbé agolo onípáálí kọ́rùn. Bí o bá sọ owó sí i, wọ́n á lẹ sítíkà ọkàn pupa mọ́ ọ láyà. Ọdún 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fi owó náà rà. Rántí ìgbà tí mo bí Ìrètí láìpé oṣù? Àpótí onígíláàsì tí wọ́n gbé e sí, ọkàn pupa yẹn wà lára rẹ̀. Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó béèrè ohun tó jẹ́. Owó orí pẹ̀lú, ìjọba gbà kí o sọ ẹgbẹ́ tí wọn yóò fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tìrẹ fún. Ó ti di ìdá kan àbọ̀ báyìí.

Irú ọjọ́ ìdáwó báyìí náà ni wọ́n gún mẹ́yọ̀ ìlú wa, Paweł Adamowicz, lọ́bẹ lórí ìtàgé, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2019. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Àwọn ènìyàn tò láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un, wọ́n tún tò láti kí òkú rẹ̀ ní ilé ìrántí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Géètì Kejì. Èmi náà tò. Ìjọba orílẹ̀-èdè ti dín mílíọ̀nù 3 zloty, owó ibí, kù nínú owó ilé ìrántí yẹn ṣáájú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí àwọn aráàlú fi dá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ méjì. Síbẹ̀, ìpàdé àwọn onílé inú ilé wa tó kọjá, ènìyàn 5 ló wá nínú ilé 60. Bí iná bá ń jó, gbogbo wọn á dé. Bí a bá ní kí a jọ kun àtẹ̀gùn, o kò ní í rí ẹnì kankan. Lánlọ́ọ̀dù yín tó ń jà yẹn sàn.

Kì í sì í ṣe ibi gbogbo ló ti dáa tó báyìí. Ní Rọ́ṣíà, láti ọdún 2012 ni òfin ti ń pe ẹgbẹ́ tó bá gba owó òkèèrè, tí wọ́n sì ní ó ń dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ní aṣojú àjèjì. Memorial, tó ń kọ orúkọ àwọn tí ìjọba Stalin pa sílẹ̀, ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí wọ́n tì í pa ní oṣù Kejìlá 2021. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel.

Ọwọ́ ti ń ro mí. Jọ̀wọ́, ya fọ́tò ìwé òfin ẹgbẹ́ yín ránṣẹ́ sí mi, pàápàá ojú ìwé tó sọ nípa àwọn tí yóò máa yẹ ìwé owó wò, torí wọ́n ní dandan ni kí tiwa ní in. N ó tú u sí èdè ibí. Bá mi kí Ìyá. Bàbá tó gbé àga lọ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti gbé e padà wá?

Èmi ni tìrẹ,
Fólúkẹ́