Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Òṣogbo: ẹ wọ inú jọ́nà lọ fúnra yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Òròkí,

Mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n kó kíláàsì tó kún fọ́fọ́ lé lọ́wọ́ láìsí ìwé kan gbòógì. Mo rí i pé bí iṣẹ́ bá ti dé, fóònù lẹ máa ń gbé. Ẹ ó tẹ ìbéèrè síbẹ̀, ohun tó bá kọ́kọ́ yọjú lẹ ó dà kọ. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ti dà á kọ ṣáájú yín, ẹlòmíràn ti dà á kọ ṣáájú tòun náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ máa tọ ọ̀rọ̀ lọ sí orísun rẹ̀, nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí wọn jáde, lójú òpó jọ́nà náà gan-an.

Mo ti mọ èsì tí ẹ ó fọ̀: "Bàbá, owó ni wọ́n ń gbà." Òótọ́ ni, àwọn kan ń béèrè 30 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká san án. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti 2003 ni àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní DOAJ ti bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Lund ní Swídìn, kìkì jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ ló sì wà níbẹ̀. African Journals OnLine, tó wà ní Gúúsù Áfíríkà báyìí, ti ń kó jọ́nà àwa aláwọ̀ dúdú jọ láti 1998, ti Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀. Yoruba Studies Review, tí yunifásítì Florida ń gbé sójú òpó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó sì bá àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ níbẹ̀, tí àṣamọ̀ rẹ̀ (àkótán ohun tó wà nínú rẹ̀) àti ìwé ìtọ́kasí rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní Yorùbá, kí lẹ tún ń wá?

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n ní kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ SS 2 nípa iṣẹ́ ọnà Òṣogbo. Ohun tí fóònù ó gbé wá kò ju pé UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005, àti pé Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, gbé níbí. Ó parí. Ṣùgbọ́n Duro Ladipo ti ṣí Mbari Mbayo, ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà, nínú ìlú yìí ní 1962, àwọn tó sì ń kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà tó jáde níbẹ̀ kò dúró dìgbà tí wọ́n darúgbó. Jọ́nà kan wà tó ń jẹ́ African Arts, yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 1967. Ẹ wá a dé inú àkójọ àtijọ́ rẹ̀ lórí JSTOR, òpó kan tó ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jọ́nà. Bí ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn ka àpilẹ̀kọ tó tó 100 lóṣù kan lójú òpó, bí wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ gbà wọ́n sórí fóònù.

Ohun kan wà tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró níbi yìí: bí ẹ bá tẹ "Osogbo", ẹ ó pàdánù ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtijọ́. "Oshogbo" ni wọ́n ń kọ nígbà náà. Shango ni wọ́n ń kọ, Oshun, Eshu, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́. Ẹ tẹ méjèèjì, ẹ wo ìyàtọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí àpótí ìṣàwárí nìkan máa darí yín. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Archives" tàbí "All Issues" sí, kí ẹ máa ṣí ìdìpọ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ ka àkọlé. Ohun tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà, ẹ kò lè wá a. Bí ẹ bá ti rí àpilẹ̀kọ kan tó dára, ẹ ka àṣamọ̀ rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí ìwé ìtọ́kasí. Bí ẹni tó ń wá agboolé kan ládùúgbò tí kò mọ̀ rí ni: ilé àkọ́kọ́ ó júwe ilé kejì, ilé kejì ó júwe ẹ̀kẹta. Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀, ní tirẹ̀ ó fi àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn ìgbà náà hàn yín, níbi tí wọ́n kọ "Cited by" sí. Bí ilẹ̀kùn bá tì, tí wọ́n ń béèrè owó, ẹ tẹ "All versions" lábẹ́ àkọlé náà. Nígbà mìíràn ẹ̀dà ọ̀fẹ́ kan ti wà nílé ìkàwé yunifásítì ònkọ̀wé.

Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, tiyín ló dùn jù. CourseSource wà fún àwọn tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì àti físíìsì ní yunifásítì: ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ jáde. Frontiers for Young Minds, àwọn ọmọdé ló ń yẹ àpilẹ̀kọ ibẹ̀ wò kó tó jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Journal of Chemical Education ti wà láti 1924. Òun ń gbowó lórí ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ewé, níbi "Supporting Information". Ọ̀fẹ́ ni ìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìwé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti àlàyé fún olùkọ́ sábà máa ń wà. Bí àpilẹ̀kọ kan bá ní kí ẹ fi kábéèjì aláwọ̀ àlùkò dán ásíìdì wò, ta ló fẹ́ wá kábéèjì yẹn kiri? Ẹ ra ìṣápá pupa, ti wọ́n ń sè ní zóbò, lọ́jà Ìgbọ̀nà. Ẹ sè é, ẹ da omi rẹ̀ sí ife méjì. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkan, yóò pọ́n dáadáa. Ẹ fi omi eérú sí èkejì, yóò yí padà sí àwọ̀ ewé. Àwọn ìyá aláró ìlú yìí ti ń lo omi eérú kí ilé ìwé tó dé.

Kí ẹ tó pín ohunkóhun fún kíláàsì, ẹ wo àmì Creative Commons tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tí ẹni tó ni iṣẹ́ náà gbà kí ẹ fi ṣe. CC BY, ẹ lè túmọ̀ rẹ̀, ẹ lè tún un tò, ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó ni ín. Bí ND (ẹ má yí i padà) bá wà níbẹ̀, ẹ má pín ìtumọ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ń fẹ́ iye àpilẹ̀kọ, nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń kọ ímeèlì pé àwọn ó tẹ iṣẹ́ yín jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ ṣáà sanwó. Ta ló máa yẹ iṣẹ́ wò láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ wò ó bóyá jọ́nà náà wà nínú DOAJ, kí ẹ wo orúkọ àwọn olóòtú rẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tó ti tẹ̀ jáde rí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bi ẹ̀rọ AI ní ìwé ìtọ́kasí, ẹ mọ̀ pé ó máa ń hùmọ̀ ìwé tí kò sí láyé. Ẹ gbé nọ́ńbà DOI rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, lọ sí doi.org. Bí kò bá gbé yín dé ibi iṣẹ́ náà, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ẹ bi òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yín léèrè ohun tí ilé ìwé ń sanwó fún. Ọ̀pọ̀ yín kò béèrè rí. Tàbí kí ẹ kọ̀wé sí ònkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ímeèlì rẹ̀ sábà máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́, kì í sì í pín nínú owó tí wọ́n bù lé àpilẹ̀kọ náà, nítorí náà inú rẹ̀ ó dùn pé ẹnì kan fẹ́ kà á. Ẹ kí i, ẹ dárúkọ ara yín àti ilé ìwé yín, ẹ kọ àkọlé iṣẹ́ náà àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ìlà mẹ́rin ti tó. Bó bá fi ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fún fáìlì náà lórúkọ gidi, orúkọ ònkọ̀wé, ọdún àti àkọlé, kó má baà sọnù sáàárín àwọn fọ́tò òde ìnáwó lórí fóònù yín.

Èmi ni bàbá yín,
olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Fìà, Òṣogbo