Fúnkẹ́, ilé-ìwé tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́

Jimeta, Yola,
Ìpínlẹ̀ Adamawa.

Fúnkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo gbogbo ọ̀dọ̀ yín ní Kánádà. Tiwa níbí, ọyẹ́ ló gba ìlú, ètè gbogbo wa ti sán. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Àlàáfíà ni a wà.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìwọ Fúnkẹ́ yìí náà lo wá ń bi mí pé ṣé kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ wá kàwé ní AUN, yunifásítì aládàáni tó wà ní Yola níbí! Ṣé o ti gbàgbé ọdún 2006 ni? Àwa méjèèjì nínú kákí agùnbánirọ̀, lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo, oòrùn ń na wá bí ẹni tí a jẹ lówó. Bí a ṣe ń kọjá lọ́nà bypass, a rí ilé mélòó kan nínú pápá gbalasa. O ní, "Ta ni yóò kúrò ní Èkó wá kàwé níbí? Kí ọdún márùn-ún tó pé, màlúù ni yóò máa sùn nínú kíláàsì wọn." Èmi náà bá ọ rẹ́rìn-ín. Màlúù kankan ò ríbi sùn o, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ sínú fóònù lọ, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí.

2005 ni wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ilé-ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà tí àwa dé. ABTI-American University ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Wọ́n ti yọ ABTI kúrò tipẹ́, American University of Nigeria ló ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n bí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ NAPEP tó gbé ọ bá ti dàgbà díẹ̀, "Abti" ni kí o sọ fún un.

Atiku Abubakar ló dá a sílẹ̀ nígbà tó wà nípò igbákejì ààrẹ. Ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀, ìwọ àti Bàbá Tọ́mi, ọkọ mi, ni kí ẹ jọ máa fà á. Ìtàn èwe rẹ̀ ló máa ń yà mí lẹ́nu. Jada, níhà gúúsù Yola níbí, ni wọ́n ti bí i ní 1946. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilé-ìwé òyìnbó rárá. Nígbà tí ìjọba gbọ́, wọ́n ti bàbá mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló san owó ìtanràn kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Atiku kó tó wọ kíláàsì. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tíṣà Amẹ́ríkà, àwọn Peace Corps tó wá ń kọ́ni ní àríwá nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé àwọn ló gbin èrò irú ilé-ìwé báyìí sí òun lọ́kàn. Ọmọ tí wọ́n tìtorí ìwé ti bàbá rẹ̀ mọ́lé ló kọ́ yunifásítì.

Bàbá Tọ́mi ń yọjú wo ohun tí mò ń kọ. O mọ̀ ọ́n, bí o bá bi í léèrè ọ̀nà ọjà, àtìgbà Lugard ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ológun fi òfin pa gbogbo yunifásítì aládàáni rẹ́ ní 1984, pé àwọn ológun náà ló tún ṣí ọ̀nà padà ní 1993, àti pé 1999 ni mẹ́ta àkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ: Babcock, Igbinedion àti Madonna. Nígbà tí ti Yola fi gba tiẹ̀, gbogbo wọn ò tíì pé 10. Lónìí wọ́n ti lé ní 100. Ó yá, mo ti jíṣẹ́ rẹ̀.

Èmi, gèlè ló gbé mi wọ ọgbà náà. Ní 2009 tí wọ́n ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àkọ́kọ́, màmá kan láti Ìbàdàn dé sí hòtẹ́ẹ̀lì nítòsí wa, gèlè rẹ̀ ti rún nínú báàgì, kò sì rẹ́ni wé e. Wọ́n wá mi wá. Láti ọjọ́ náà, bí àsìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde bá ti tó, mo ti mọ ibi tí mo ń lọ láti aago márùn-ún ìdájí. Kì í ṣe Yorùbá nìkan o. Ìyá kan láti Maiduguri na ìka sí orí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní "irin na Yarabawa", ìyẹn irú ti àwọn Yorùbá, ni kí n wé fún òun. Mo wé e, ó ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gèlè, ọdún 2014 ló yí ọkàn mi padà sí wọn. Ìparí oṣù kẹwàá ni Boko Haram gba Mubi. Àwọn èèyàn ń rọ́ wọ Yola, àwọn mìíràn fẹsẹ̀ gba orí òkè, ìyá pọn ọmọ, bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Tọ́mi ní òun ò ní lọ síbì kankan, ni mo bá padà wá bá a. Gbogbo wa rò pé àwọn òyìnbó AUN ni yóò kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Margee Ensign, obìnrin Amẹ́ríkà tó ń darí ilé-ìwé náà nígbà náà, tó ti wà níbẹ̀ láti 2010, ò lọ. Ilé-ìwé náà àti àwọn ìmáàmù pẹ̀lú àwọn olórí ìjọ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ṣáájú, Adamawa Peace Initiative. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni wọ́n bá bọ̀ o, àmọ́ nígbà tí ebi dé, oúnjẹ ni wọ́n ń pín. Mo lọ bá wọn wọn àgbàdo lọ́jọ́ kan. Mo rí ìmáàmù àgbàlagbà kan tó gbé àpò sórí fún ìyá kan tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Títí di òní, n kì í lè sọ ọ́ tán kí ọ̀fun mi má dí.

Lọ́dún yẹn kan náà ni AUN ti ń gba lára àwọn ọmọbìnrin Chibok tí Boko Haram jí gbé, àwọn tó sá mọ́ àwọn ajínigbé lọ́wọ́, wọlé. Ní 2017, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tó yá, tó lé ní 100, kó wá síbẹ̀ bákan náà. Kíláàsì ìgbaradì ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Nígbà náà, wọ́n tún ń kó àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbé abọ́ kiri ìgboro jọ, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà.

Owó ilé-ìwé náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó rò dáadáa. Ọ̀wọ́n gógó ni. Apá wa ò ká a, yunifásítì ìjọba ni Tọ́mi lọ. Nígbà tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ọ̀dọ̀ mi ló jókòó sí, ó ń kọ́ gèlè wíwé, àwọn ọmọ inú ọgbà AUN sì ń ṣèdánwò tiwọn lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Bí ọmọ náà bá ń bọ̀, bàálù ni kó wọ̀, kó má fẹsẹ̀ kan títì. Kó mú òrí púpọ̀ dání nítorí ọyẹ́, kó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní "sannu", ìkíni Haúsá ni, kì í ṣe ìjà. Ọjọ́ Sunday ni kó wá jẹ iyán lọ́dọ̀ mi. Tó bá di ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, n óò wé gèlè ìyá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ, ìlọ́po méjì ni wà á san, nítorí ọ̀rọ̀ màlúù yẹn.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́