Ìkéde fún Àwa Ahunṣọ: Ẹ Má Ra Wúlù Tuntun fún Ìpàdé Sátidé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, a kí yín o.

Ìpàdé wa di Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, níbi tí a máa ń lò. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ra wúlù tuntun. Akíríílíìkì ló pọ̀ jù nínú wúlù olówó pọ́ọ́kú ọjà, epo rọ̀bì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kì í jẹrà bí òwú, bí a bá sì ń fọ̀ ọ́, fọ́nrán rẹ̀ á máa bá omi lọ sódò.

Súwẹ́tà àtijọ́ ni kí ẹ mú wá, tilé tàbí ti òkìrìkà, ká jọ tú u. Ẹ yẹ ojú rírán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó o! Bí wọ́n bá ti gé etí rẹ̀ kí wọ́n tó rán an, kúkúrú kúkúrú ni òwú yóò máa já, iṣẹ́ lásán ni. Bí a bá tú u tán, a ó ká a mọ́ ẹ̀yìn àga, a ó so ó níbi mẹ́rin, a ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sì sá a kó lè nà.

Ẹni tó bá mọ ahunṣọ-òfì ní Ìlọrin níbí, kó bá wa tọrọ àjákù òwú. Ẹ kọ́kọ́ finá ràn án díẹ̀: òwú gidi á jó di eérú bíi bébà, èyí tó bá yọ́ tó sì dì gbagidi, ọ̀rá ni. Òfì òde òní ò kúkú jẹ́ òwú tán mọ́.

Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun la ó hun, kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín dání, ti ẹgbẹ́ ò kárí.