Ìdárò télọ̀ àdúgbò wa

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ fún mi láàyè kí n ṣèdárò télọ̀ àdúgbò wa n'Ìjẹ̀bú-Òde tó papò dà. Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, kó aṣọ dé, oorun di èèwọ̀ fún Bàbá. Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ta ló sì fẹ́ gbọ́ àwáwí? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọnà ọrùn agbádá. Wọn ò ka ti ẹ̀rọ sí iṣẹ́ rárá. Síbẹ̀, wọ́n á bá ìyàwó àtọmọ jẹun alẹ́ tán kí wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́. Owó ìránṣọ yìí náà ni wọ́n fi rán àwọn ọmọ níléèwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì jẹ wọ́n lówó aṣọ, ìyàwó wọn wà nílé o.

Èmi ni oníbàárà wọn kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.