Sáìdì Mírọ̀ Mọ́tò Màmá

Bódìjà, Ìbàdàn.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn o, ìwọ, ìyàwó àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Màmá ń bẹ digbí. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwòrán ọmọ tó o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ àwọn, kò sì sí ẹni tí wọn ò tíì fi hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Owó tó o fi ránṣẹ́ nítorí sáìdì mírọ̀ mọ́tò wọn náà dé. O ní kí n ra tuntun, kí n so ó mọ́ ọn, kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀. Mi ò ra tuntun. Dígí náà ti dúró báyìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o mọ ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ìyá rẹ ló ń wa mọ́tò yẹn, kì í ṣe èmi. Ó tún ku nǹkan kan tí mo fẹ́ kí o fọwọ́ sí, mà á dé ibẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe burú tó, torí mo mọ̀ pé wọn ò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ lórí fóònù. Dígí ọwọ́ òsì ni, ti ọ̀dọ̀ awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré díẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀kadà kan á dà bíi méjì. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, iná ọkọ̀ ẹ̀yìn á kàn fọ́n ká ni, o ò ní mọ̀ bóyá ó ṣì jìnnà tàbí ó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ. Èmi àti ìwọ lè yí ọrùn wẹ̀yìn kí a tó yà. Ọrùn Màmá kò yí bẹ́ẹ̀ mọ́. Dígí yẹn ni wọ́n gbójú lé. O sì mọ Ìbàdàn: takisí Micra á yọ láti ọ̀tún, ọ̀kadà á gba òsì wọlé, kò sẹ́ni tó máa fọn fèrè fún ọ. Wọ́n sọ fún mi pé tí àwọn bá fẹ́ yà sósì níwájú ọjà Bódìjà, ńṣe làwọn máa ń dúró pátápátá títí ẹ̀yìn á fi dá, tí àwọn awakọ̀ á sì máa bú àwọn. Màmá tó kọ́ èmi àti ìwọ ní ABD! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, kò sì jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà falẹ̀.

Ní ti pé kí n ra tuntun: mo lọ sí ọjà Araròmí ní Gate, mo wo ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ àfarawé. Tí o bá gbé e lọ́wọ́, o ti máa mọ̀, ike rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì fúyẹ́ ju èyí tó bá mọ́tò wá lọ. Kí n wá tú ojúlówó tó ṣì le, kí n fi èyí tí á máa gbọ̀n láti ọjọ́ kìíní rọ́pò rẹ̀? Rárá o. Ìwọ náà ní o lè rí irú rẹ̀ rà lọ́dọ̀ yín. Má ṣe wàhálà. Ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ yín ń jókòó sí. Àwa ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún títì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, awakọ̀ wa sì ń jókòó lósì. Ibi tí ojú awakọ̀ wà ni wọ́n fi ń ṣe ìdagun dígí, nítorí náà dígí òsì tiyín, ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. A lè rí i dè mọ́ ọn, kó má sì yí dé ibi tí Màmá á ti ríran.

Sáìdì mírọ̀ tó bá ń mì, ibi mẹ́ta ló ti lè wá. Ó lè jẹ́ ìdí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ ọrùn, níbi tó ti máa ń ká sẹ́yìn tí nǹkan bá gbá a, tí sípíríǹgì inú rẹ̀ bá ti rọ. Ó sì lè jẹ́ ojú, ìyẹn dígí gan-an, tí ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti gbẹ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa jọra lójú ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wádìí èwo ló jẹ́, gọ́ọ̀mù ló máa ń yá wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ti Màmá náà nìyẹn. Ẹnì kan, tí wọn ò rántí ẹni tó jẹ́ mọ́, ti po gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ yẹn yí ìdí mírọ̀ ká láti ìta, ó sì jẹ́ kí bóòtù inú máa tú lọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gọ́ọ̀mù ọ̀hún sán, omi òjò wọ abẹ́ rẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, ìpẹtà sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe mọ èyí tó ń mì. Mo fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú pinpin, mo fi èkejì mi orí rẹ̀. Ọrùn le dáadáa, mo ká a, ó padà pẹ̀lú ìró. Mo wá di orí mú, mo tì í sókè sódò, ìdí ló ń yẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí eyín tó fẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà, mo fi àtàǹpàkò tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dígí. Mẹ́ta dúró, ìkẹrin, ti ìsàlẹ̀ lápá ìta, wọlé díẹ̀ ó sì tún jáde. Ibi méjì ló ń yọ Màmá lẹ́nu nígbà náà, ìdí àti ojú.

Ọ̀sán gangan la tú u, nínú oòrùn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ike tó ti wà láti 1999 kì í fẹ́ ìfipá. Láàárọ̀ ọyẹ́, ó máa kán sí ọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n oòrùn á mú un rọ̀. Nínú ọkọ̀, ní igun iwájú fèrèsé ilẹ̀kùn, ike kékeré onígun mẹ́ta kan wà níbẹ̀. Mo fi aṣọ wé ẹnu sukurudíráfà, mo sì fi tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bóòtù mẹ́ta wà, sípánà nọ́ńbà 10 ló mú wọn. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀kankan, mo fi àkísà dí ihò tó wà nísàlẹ̀ wọn, torí bóòtù tó bá bọ́ sínú ilẹ̀kùn, àfi kí o tú gbogbo ike ilẹ̀kùn kí o tó rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ró níbẹ̀ ní gbogbo kòtò tí ẹ bá bọ́ sí.

Méjì ti tú débi pé ọwọ́ lásán ni mo fi yí wọn. Ìkẹta ń yí, kò mú. Tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ. Mo pe mẹkáníìkì tó ń bá Màmá tọ́jú mọ́tò yẹn, ó wá fi irin fa tírẹ́ẹ̀dì tuntun sínú ihò náà, ó sì wá bóòtù tó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀ fún un, pẹ̀lú wọ́ṣà nídìí. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, ó sì ń ní sùúrù, ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn. A gbé mírọ̀ náà kúrò. A fi abẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ dànù, a fi sáńpépà nu ìpẹtà, a sì fi ọ̀dà díẹ̀ kùn ún. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà láàárín ìdí mírọ̀ àti ilẹ̀kùn ti gan, kò sí agbára lára rẹ̀ mọ́. Ó gé òmíràn láti ara túùbù táyà, ó bá a mu rẹ́gí. Lójú tèmi, rọ́bà yẹn ṣe pàtàkì tó bóòtù, torí òun ló ń gba gbígbọ̀n sára kó tó dé orí mírọ̀.

Nígbà tí a ń dè é padà, a ò de ẹyọ kan pa kí a tó kan òmíràn. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí gbogbo rẹ̀ fi jókòó dọ́gba. Gọ́ọ̀mù bóòtù aláwọ̀ búlúù, tó ń di bóòtù mú kó má tètè tú, la kán sí wọn, èyí tó ṣeé tú tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.

Ojú dígí ni mo fi parí. Sílíkóònù ni mo fi sẹ́yìn igun tó ṣí, mo fi tépù bébà àwọn akunmọ́tò dè é, mo sì ní kí Màmá má gbé mọ́tò jáde títí di ọjọ́ kejì. Àwọn tó ń ta dígí ní Gate ló kọ́ mi pé kí n má ra sílíkóònù tó ń rùn bíi fínígà. Ó máa ń jẹ fàdákà ẹ̀yìn dígí, àmì dúdú á sì máa wọlé láti etí. Súpà gúlúù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: èéfín rẹ̀ á fi funfun bo dígí, ooru àti kòtò á sì mú kó kán.

Owó tí mo ná jù, apá ọ̀tún ni mo ná an sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò sọ nípa rẹ̀. Amẹ́ríkà ni mọ́tò yẹn ti wá, òfin wọn níbẹ̀ sì ni pé kí dígí ọ̀dọ̀ awakọ̀ tẹ́jú, kí ti òdìkejì tó bá wú síta díẹ̀ láti fi títì tó gbòòrò hàn ní ìkọ̀wé lára, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ sún mọ́ni ju bó ṣe hàn lọ. Ti Màmá kò ní ìkọ̀wé kankan. Dígí lásán ni wọ́n gé sínú rẹ̀ nígbà kan, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó sì fi nǹkan bí ìlàjì títì pa mọ́. Àwọn Micra tó ń yọ láti ọ̀tún yẹn, Màmá kì í rí wọn! Mo rí tokunbọ̀ tó wú dáadáa rà, wọ́n sì ti fi sí i.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Màmá fúnra wọn jókòó sídìí ọkọ̀ lórí tìmùtìmù wọn, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ bọ́tìnì dígí, torí bí èmi bá tò ó, ojú tèmi ló máa bá mu. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ara mọ́tò wọn hàn tín-ín-rín ní etí inú, kí títì gba ìyókù. Wọ́n yí i, wọ́n tún un yí, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo rí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ẹnu ọ̀nà ọ̀hún lọ́hùn-ún." Inú mi dùn gan-an, Àkànní.

Ohun tó kù nìyí. Nígbà tí mọ́tò dúró, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mo ní kí Màmá tẹ bíréèkì kí wọ́n sì fi jíà sí D, èyí tí ọkọ̀ fi ń lọ síwájú. Dígí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo rí i. Wọ́n dá jíà padà sí N, èyí tí kì í gbé ọkọ̀ rìn, ó dáwọ́ dúró. Kì í ṣe mírọ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìn síìtì ni, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró. Mẹkáníìkì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì fi ibi tí ọ̀kan nínú wọn ti ya hàn mí. Èmi gbà pé òun gan-an ló ń tú bóòtù mírọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù búlúù á ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, lẹ́yìn náà a tún máa padà sídìí iṣẹ́ kan náà.

Owó tó ṣẹ́ kù nínú èyí tó o fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ Màmá, kò ní tó ra ẹ́ńjìn síìtì, ó máa tó san owó iṣẹ́. Mo fẹ́ kí a ra ojúlówó tokunbọ̀ fún un, kí a má ra àfarawé, torí rọ́bà àfarawé kì í pẹ́ ya. Màmá ní kí n má sọ fún ọ, pé o ti ná owó tó. Mo ní mà á sọ. Tí o bá ti fọwọ́ sí i, kàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè bá mẹkáníìkì dá ọjọ́. Títí dìgbà náà, èmi ni mà á máa gbé wọn lọ sí ìpàdé alẹ́ ní Mọ́kọ́lá. Lọ́sàn-án, wọ́n lè dá wà á.

Kí àwọn ọmọ fún mi. Sọ fún èyí àgbà pé mo rí èsì ìdánwò rẹ̀, ó kú iṣẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Àjàní