Sí Ẹ̀yin Oníbàárà Wa: Kí Ẹ Tó Dá Rédíò Padà Nítorí SW

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó rédíò tí ẹ rà lọ́wọ́ wa.

Láti ìgbà tí a ti kó àwọn rédíò kékeré olókùúta méjì dé, ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: FM ń dún ketekete, ṣùgbọ́n bí a bá yí i sí SW (ìgbì kúkúrú tí a fi ń gbọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn), ariwo nìkan ló kù, ó ń ta ṣáṣáṣá bí ẹni ń dín àkàrà. Àwọn kan ní kí n dá owó àwọn padà. Mo dá ti ẹni méjì padà, torí mo rí àléébù nínú rédíò wọn lóòótọ́. Ní ti àwọn yòókù, kò sí ohun tó ṣe rédíò wọn. Inú ilé tí wọ́n gbé e sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá kan ní Mọ́kọ́lá. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé rédíò wọn lọ gbé e bọ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé, màá tú u, màá yẹ̀ ẹ́ wò, n kò ní í rí nǹkan kan. A ó tàn án níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá délé, ó di ariwo. Nígbà tó yá, mo tẹ̀lé wọn lọ sílé. Orí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ni rédíò wà, ṣájà fóònù sì wà lára ògiri níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Mo tọrọ àyè, mo yọ ṣájà náà. Àfi bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ lórí páànù tó sì dá wàì! A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Mo tún pa gílóòbù LED tó wà lókè orí wa, ohùn náà mọ́ sí i. Bàbá wo ṣájà tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ṣé èyí ló ti ń bá mi jà láti ọjọ́ yìí?"

Òun ni. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú, gílóòbù LED, ínfátà sólà, dẹ́kódà tẹlifíṣọ̀n: gbogbo wọn ló ń tan iná inú wọn tí wọ́n tún ń pa á lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ló ń tú ìgbì tí rédíò ń gbọ́ bí ariwo. Ilé iṣẹ́ FM wà láàárín ìlú níbí, agbára rẹ̀ borí ariwo yẹn. Ìgbì SW ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Èyí tí BBC ń fi ránṣẹ́ láti erékùṣù Ascension, láàárín òkun Àtìláńtíìkì, rìn ju 2,000 kìlómítà lọ kó tó dé Ìbàdàn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débí. Bóyá ẹ̀yin náà ti kíyè sí i pé bí NEPA bá mú iná gbogbo àdúgbò lọ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan jẹnẹrétọ̀, SW á mọ́ gaara.

Nítorí náà, òkúta ni kí ẹ fi gbọ́ SW, ẹ má fi iná ògiri gbọ́ ọ. Òkúta tuntun méjì ni kí ẹ kì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má da ògbólógbòó pọ̀ mọ́ tuntun. Bí òkúta bá ti ń kú lọ, ilé iṣẹ́ tí ẹ ti yí mú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí irin tí òkúta ń fara kàn bá ti dípẹtà, ẹ fi sáńpépà rọra ha á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé rédíò kúrò ní àárín yàrá. Páànù lókè, irin lójú fèrèsé: àwọn méjèèjì ń dí ìgbì lọ́nà. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì fa ọ̀pá rẹ̀ jáde tán. Àwọn kan máa ń yí rédíò kiri bí ẹni ń wá ojú afẹ́fẹ́. MW (ìgbì àárín) ni ìyẹn wúlò fún jù, torí inú rédíò lọ́hùn-ún ni éríà tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìgbì, wà.

Wáyà ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ wá wáyà bàbà tó ní rọ́bà lára, mítà márùn-ún sí mẹ́jọ. Ẹ bó orí rẹ̀ kan, kí ẹ fi kílíìpù tí a fi ń sá aṣọ há a mọ́ ọ̀pá rédíò. Ẹ gba ojú fèrèsé na èyí tó kù síta, kí ẹ so ó mọ́ igi. Kó jìnnà réré sí wáyà NEPA. Bí òjò bá ti ń ṣú, kí àrá tó sán rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò lára rédíò kí ẹ sì tì í síta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣeré.

Ẹ má sọ pé bí wáyà bá gùn sí i ni yóò dára sí i. Oníbàárà wa kan na ọgbọ̀n mítà, ó wá ń gbọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo níbi púpọ̀. Rédíò kékeré kò lè gbé ẹrù tó tó yẹn. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ tó wà ní 9690 kHz (ìyẹn 9.69 MHz) lè tún yọjú ní 8780 kHz, ẹ ó sì rò pé méjì ni. Bí ó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí bàbà kan ọ̀pá mọ́; ẹ kàn fi ara rọ́bà wáyà náà yí ọ̀pá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àsìkò náà ṣe kókó. Ìpele kan wà lókè réré tí ìtànṣán oòrùn ń sọ di bíi dígí, òun ló ń ta ìgbì SW padà sílẹ̀ fún wa. Lọ́sàn-án, nọ́ńbà ńlá ni kí ẹ wá, láti 15 MHz lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá sí 9, 7 àti 6. Ní ìparí oṣù kẹta àti ìparí oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà wọn, ẹ má tìtorí ìyẹn bínú sí rédíò yín. Àwọn tó ń wá Yorùbá, Voice of Nigeria ni kí ẹ wá. BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà.

Ẹ̀yin tó ń béèrè sítíkà tí wọ́n ní ó ń fi agbára kún éríà, n kò ní í tà á fún yín. Mo ti dán an wò, kò ṣe nǹkan kan.

Wáyà mítà méje wà nílẹ̀ tí mo ti gé tí mo sì ti bó orí rẹ̀. Ẹni tó bá ra rédíò lọ́wọ́ wa, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbé rédíò náà dání bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì rántí mú ṣájà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílé wá pẹ̀lú, ká lè jọ gbọ́ ariwo rẹ̀.